Fìlà Agbéyè àti Kíláàsì Ìta

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí agbéyè, yóò rò pé nǹkan ìwọ̀sórí lásán ni. Fìlà méjì ni, tí wọ́n fi okùn fàdákà kan so pọ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tí yóò fúnni, èkejì wà fún ẹni tí yóò gbà. Iyè ẹ̀dá, ìyẹn ohun tí a fi ń rántí, ni ẹ̀rọ náà ń gbé láti inú orí kan sí orí kejì, ìdí nìyí tí Dókítà Adégòròyè tó ṣe é fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìdó-Pupa, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí Ayé Pupa, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa fìlà méjì yìí lọ́dún tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn àgbà ń pè é ní wàhálà.

Ẹni tí wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lé lórí ni Tinúadé, olùkọ́ tuntun fún Kíláàsì Ìta.

Abẹ́ òrùlé gíláàsì ńlá kan tó nípọn bí ògiri ni Ìdó-Pupa wà. Lẹ́yìn òrùlé yẹn, kò sí afẹ́fẹ́ tí ọmọ ènìyàn lè mí sínú, òtútù ibẹ̀ sì ń pààyàn. Síbẹ̀, àwọn páìpù tó ń gbé omi àti afẹ́fẹ́ wọ ìlú, ìta ni wọ́n wà. Nítorí náà, ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù-ẹ̀mí, aṣọ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri pẹ̀lú ẹni tó wọ̀ ọ́, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde tí wọ́n á sì padà wọlé láàyè. Olùkọ́ tó bá ń kó wọn jáde gbọ́dọ̀ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan dénú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan fẹ́ ṣí ìbòrí ẹ̀wù rẹ̀ níta nítorí pé ẹ̀rù òkùnkùn bà á, olùkọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọmọ náà kú.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ Kíláàsì Ìta lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ Wúràọlá ni wọ́n ti dàgbà. Òun ló kọ́ wọn láti ìgbà tí wọn kò tíì lè so okùn bàtà. Òun náà ni ì bá kó wọn jáde, ṣùgbọ́n eruku pupa ti wọ̀ ọ́ láyà, ó ń wúkọ́, àwọn dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù-ẹ̀mí mọ́ láéláé. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé kíláàsì náà fún Tinúadé, tí wọ́n sì ní kí Wúràọlá padà lọ kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn obìnrin méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan náà ni wọ́n lọ ní Ilé Ayé, ọkọ̀ òfurufú kan náà ló gbé wọn wá. Nínú ìdánwò gbogbo, Tinúadé ló máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Wúràọlá kì í tètè dé kíláàsì, kì í kọ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀, bí ó bá sì ṣi ìṣirò ṣe níwájú wọn, tí wọ́n bá a tún un ṣe, ẹ̀rín ni yóò fi rín. Ṣùgbọ́n bí Tinúadé bá ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ńṣe ni àwọn ọmọ máa ń dúró ṣánṣán, wọn á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Bí ó bá jẹ́ Wúràọlá ni, wọn á fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ara fúyẹ́ lórí Ayé Pupa, ọmọ kékeré lè fò kọjá orí àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí Wúràọlá bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ kan tó ń kan ilẹ̀.

Kí ni Wúrà ń ṣe tí òun kì í ṣe? Ọjọ́ pẹ́ tí Tinúadé ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé ilé ìwé, kò kúrò nínú kíláàsì rẹ̀. Ó gbá a, ó nù ún. Ó to àga yípo kí ojú rẹ̀ lè máa tó gbogbo ọmọ. Ó gbé àwọn ẹ̀wù-ẹ̀mí kéékèèké kọ́ sára ògiri, ó kọ orúkọ sí àyà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì fi àkísà nu ìbòrí gíláàsì wọn títí ó fi ń rí ojú ara rẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́, ó dúró níwájú àwọn àga tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò dún dáadáa létí ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi." Èyí tún wá dà bí ohùn ẹ̀rọ tó ń kéde ní ibùdókọ̀ òfurufú.

Ó gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Ayé Pupa. Àṣàkẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí yóò wọ kíláàsì náà.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, Àṣàkẹ́. Wọlé, wá wo ẹ̀wù rẹ."

Ọmọ náà kò wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ikọ́ Àńtí Wúrà ò ní lọ kí ìwọlé tó dé ni?"

"Kò ní lọ."

"Tó bá wá lọ ńkọ́ mà?"

"Èmi ni mo máa kọ́ yín, Àṣàkẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ọmọ náà wolẹ̀, ó yí padà. Kò tíì jìnnà tí Tinúadé fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sọ fún àwọn tó dúró dè é pé, "Òun náà ni o." Lẹ́yìn náà, wọ́n fò lọ.

Tinúadé jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké náà. Inú rẹ̀ gbóná. Kì í ṣe ọmọ náà ló ń bínú sí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìlú pàdé ní gbọ̀ngàn lórí ọ̀rọ̀ agbéyè. Bàbá Ògúndíran ló jẹ́ alága wọn. Bàbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ balẹ̀ sórí Ayé Pupa, òtútù ìta sì ti jẹ díẹ̀ nínú ìka ọwọ́ wọn lọ. Wọ́n jẹ́ kí Dókítà Adégòròyè ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ara ta lo ti dán an wò?"

"Ara eku ni, Bàbá. Eku tó mọ ọ̀nà inú àpótí, a gbé iyè rẹ̀ fún èyí tí kò dé ibẹ̀ rí. Ńṣe ló sáré dé ìdí oúnjẹ láìṣìnà rárá."

"Eku tó gbà á nìyẹn. Èyí tó fún un ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Bàbá. Àdàkọ là ń ṣe. Bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò èèyàn ni, ẹni tí wọ́n yà kò torí ẹ̀ sọ ojú rẹ̀ nù."

Bàbá Ògúndíran mi orí. "Nígbà tí mo fẹ́ kó ìwọ Adégòròyè jáde, tó o ṣì wà lọ́mọdé, mo jókòó tì ọ́. A jọ jẹun. Odindi ọdún kan ni mo fi wò ọ́ kí n tó jẹ́ kó o fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ò ní odindi ọdún kan lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà ìjì eruku ti ń sún mọ́lé. Bí àwọn ọmọ yìí ò bá tíì mọ ìta kí ìjì tó dé, inú ilé ni wọ́n máa wà títí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn sì lè gba ọdún méjì."

Wúràọlá dìde láti ẹ̀yìn. Ó wúkọ́ díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Tinú gbà á. Mi ò kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa àwọn ọmọ yẹn, orí mi ni gbogbo ẹ̀ wà. Dúrósinmí, bí àpẹẹrẹ, tí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀rín ló máa ń rín. Tí Tinú bá mú un jáde láìmọ ìyẹn, mi ò ní lè sùn."

Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ kùn pé òótọ́ ni. Tinúadé náà jókòó sáàárín wọn. Ohun tó ń rò ni pé níbi tí wọ́n ti ń jíròrò kíláàsì òun yìí pàápàá, Wúrà ni gbogbo ojú ń wò.

Ìpele mẹ́ta ni agbéyè ní. Ìpele kìn-ín-ní ni ti orúkọ, ìṣe àti àìlera. Ìpele kejì ni ti ohun tí ojú ti rí. Ìpele kẹta ni ti ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù, ibi tó jinlẹ̀ jù nínú iyè. Àwọn àgbà fàyè gba ìpele kìn-ín-ní nìkan. Bàbá Ògúndíran na ọwọ́ wọn tí ìka kò pé mọ́ sí Dókítà, wọ́n ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pàdé ní yàrá ẹ̀rọ. Kí Wúràọlá tó dé, Dókítà pe Tinúadé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àńtí Tinú, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Nígbà tí mo dé ìpele kẹta pẹ̀lú àwọn eku, ọ̀kan nínú àwọn tó fúnni kò mọ ihò rẹ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ mọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é."

"Ṣé ẹ ti sọ fún Wúrà?"

"Ìpele kìn-ín-ní nìkan la fẹ́ ṣe. Kí ni mo fẹ́ máa dẹ́rù bà á fún?"

Wúràọlá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó gbé fìlà tirẹ̀ dé. Ẹni tó ń fúnni gbọ́dọ̀ sùn, nítorí náà Dókítà fún un ní oògùn oorun. "Tinú," ó ní, ojú rẹ̀ ti ń kún fún oorun, "tó o bá débi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ, má bínú o." Ó sì sùn lọ.

Tinúadé jókòó, ó dé fìlà kejì. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni pé èèrà ń rìn ní agbárí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá bá a. Kò dà bí ìwé tí ènìyàn ń kà. Ó dà bí ohun tó ti mọ̀ tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí. Ó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe nímú, ó mọ ẹni tí kì í gbọ́ràn dáadáa ní etí òsì, ó mọ ẹni tó ń purọ́ pé òun ti jẹun. Bí ìyẹn ṣe ń parí lọ, ó rí fìrí ohun mìíràn: apá ọmọ kékeré kan tó wé mọ́ ọrùn, òórùn ìpara lórí irun ọmọ, àti ayọ̀ kan báyìí tí kò tíì jẹ́ tirẹ̀ rí láyé. Lójijì, ó dá.

"Ó ti parí," ni Dókítà wí.

"Kí lèyí tó kù yẹn?"

"Ìyókù ni. Èyí tí wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn."

Tinúadé wo Wúràọlá tó sùn, tí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò gún régé wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, inú ayọ̀ yẹn ni Wúrà ń gbé lójoojúmọ́, tó ń rìn káàkiri bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Owú gba Tinúadé lọ́kàn.

"Ẹ máa bá a lọ," ó ní.

"Àńtí Tinú, àwọn àgbà ní..."

"Àwọn àgbà kọ́ ló máa kó ọmọ jáde. Àbí ẹ̀yin náà ò fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ délẹ̀ ni?"

Ibi tó ń dun Dókítà gan-an ló fọwọ́ bà. Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ, ó wo ilẹ̀kùn, ó pa á dé.

Tinúadé rántí eku tí kò mọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé bí Wúrà bá tiẹ̀ gbàgbé díẹ̀, ṣé kò tíì jẹ ìgbádùn tirẹ̀ tó ni? Lẹ́yìn náà ni ìyókù wọlé wá, gbogbo rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún nítorí pé ó dùn.

Nígbà tí Wúràọlá jí, ó yán. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì lọ sílé rẹ̀ láti sinmi. Tinúadé rí i bó ṣe ń yí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Kò béèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ ìwọlé dé. Àwọn ọmọ wọlé wá wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń wo àwọn ẹ̀wù tó wà lára ògiri. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Tinúadé wí, ọ̀rọ̀ náà sì jáde bí omi. Ó ní, "Opẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, wá jókòó síbí," Àṣàkẹ́ sì ta gìrì, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù wò, tí ìbòrí dé Dúrósinmí lórí, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín kíkankíkan. Tinúadé kúnlẹ̀ tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń rọra kọrin sí i létí. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ọmọ náà fara tì í, gbogbo ara rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń fara ti ìyá rẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ tó ti di olùkọ́ nìyẹn, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Àṣàkẹ́ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbórí sókè sódò sí wọn. Gbogbo wọn dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

"Àńtí Tinú, ẹ káàbọ̀ o,
Ọwọ́ yín la fẹ́ dì mú,
Bá a bá jáde, bá a bá wọlé,
Ọwọ́ yín la fẹ́ dì mú."

Tinúadé mọ orin náà. Ó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́ dé ìlà kejì, nítorí nínú iyè tó gbà lọ́dọ̀ Wúrà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Ó rí ara rẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú wọn, ó ń wúkọ́, ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́, ọ̀rẹ́ mi ni Àńtí Tinú. Òun ló mọ̀wé jù nínú wa. Tó bá le mọ́ yín, ẹ̀rù kí nǹkan má ṣe yín ló ń bà á. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ná, òun náà á fẹ́ràn yín." Ó tún rántí pé òun dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, tí òun ń wo Tinúadé tó ń kọ́ni láìṣàṣìṣe kankan, tí owú díẹ̀ sì ta òun láyà, tí òun fi rẹ́rìn-ín kúrò níbẹ̀.

Orin náà kò tíì parí tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Wúràọlá ló ń kọjá lọ sí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, orin ló jẹ́ kó yà. Orin dá. Àwọn ọmọ figbe ta, wọ́n fò mọ́ ọn.

Wúràọlá di férémù ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a ń rín sí ọmọ ọlọ́mọ. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ mà ga o! Kí lorúkọ yín?"

Wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. Dúrósinmí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Tinúadé sì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Wúràọlá rọra tú ọwọ́ Àṣàkẹ́ kúrò ní ìbàdí ara rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, kó má baà dun ọmọ náà.

"Tinú, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ nìyí? Wọ́n mà yá mọ́ọ̀yàn o."

Kò sí ẹni tó mọ̀ tó Tinúadé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun àwọn ọmọ náà. Gbogbo ìfẹ́ tí Wúràọlá ní sí wọn ló ń dùn ún nínú ara.

Àwọn àgbà kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ní gbọ̀ngàn, Bàbá Ògúndíran béèrè ẹni tó ní kí wọ́n kọjá ìpele kìn-ín-ní. Dókítà sorí kọ́.

"Èmi ni, Bàbá," ni Tinúadé wí.

"Ṣé o mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Mo jowú rẹ̀ ni."

Bàbá Ògúndíran kọjú sí Dókítà. "Dá a padà fún un."

"Kò ṣe é dá padà, Bàbá. Ibi tí iyè náà wà tẹ́lẹ̀ lórí Àńtí Wúrà ti dí pa. Bí a bá fi tipá ṣe é, àwọn méjèèjì lè má mọ orúkọ ara wọn mọ́." Ó fi kún un pé, "Mo rò pé àdàkọ ni mò ń ṣe."

Wọ́n tú agbéyè palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè mú Tinúadé kúrò ní kíláàsì náà. Ìjì ń bọ̀, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn olùkọ́ tó mọ àwọn ọmọ náà dénú. Ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún un ni pé, bí ilé ìwé bá ti parí lójoojúmọ́, kó lọ sílé Wúràọlá, kó jókòó, kó máa sọ ti àwọn ọmọ náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé bóyá nǹkan kan yóò sọ jí.

Ó ń lọ. Wọ́n ti ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Wúràọlá, kò sì bá a jà. Kò lè bínú nítorí kò mọ ohun tó sọ nù, ìyẹn ló sì ń jẹ Tinúadé lọ́kàn jù. Ìbá tù ú lára tó bá gbá a létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn ń wọ̀, sánmà sì ti di àwọ̀ búlúù bó ṣe máa ń rí lórí Ayé Pupa bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Wúràọlá ń bó ànàmọ́. Tinúadé sọ bí Dúrósinmí ṣe jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, bó ṣe rẹ́rìn-ín títí dé ìdí páìpù, bí Àṣàkẹ́ ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sì ń kọrin sí i títí tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Wúràọlá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, ó sì fajú ro níbi tó yẹ.

"Dúrósinmí yẹn wù mí o," ó ní. Ó fi ọ̀bẹ gé ojú ànàmọ́ kan kúrò. "Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ wọn. Mo gbà, ẹ ò ní pa irọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ń sọ ọ́ báyìí, bíi ti ẹlòmíràn ló máa ń rí lójú mi. Ẹni tó tọ́ àwọn ọmọ yẹn, Tinú, ó ṣe dáadáa o. Ó fẹ́ràn wọn gan-an."

"Ó fẹ́ràn wọn."

"Ì bá wù mí kí n mọ̀ ọ́n."

Tinúadé mú ọ̀bẹ kejì, ó fa abọ́ ànàmọ́ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọmọ tó kàn.